Ẹni Tí Yóò Fà Á Sínú Ni Kó Wọ̀n Ọ́n

Èmi, tí orúkọ mi wà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ lára ìwé ẹ̀rí polítẹ́kíníìkì tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, ṣùgbọ́n tí gbogbo èbúté, láti orí awakọ̀ dé orí aṣọ́bodè, mọ̀ sí Ìyá Afẹ́fẹ́. Àkọ́bí ọkùnrin tó ń rọ ìdákọ̀ró àti obìnrin tó ń hun àwọ̀n. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹni tó po gáàsì fún àwọn òmùwẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n sì lé kúrò nídìí iṣẹ́ náà ní ọdún méjìlá sẹ́yìn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá: mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì dúró lẹ́yìn mi.

Ní ti bóyá orí mi pé: dókítà ọkàn sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá pé ọkàn mi kò ní lè rìn jìnnà mọ́. Mo bi í léèrè bóyá ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ ju tòun lọ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rò pé àwàdà ni, mo sì jókòó títí ó fi kọ ọ́. Ìwé náà wà lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Mo pa ìwé ìhágún tí mo kọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn rẹ́. Nínú èyí yẹn, mo fi ohun gbogbo fún ọkọ mi.

Mo yan ènìyàn méjì láti mú ìwé yìí ṣẹ: agbẹjọ́rò mi, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn, àti olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tí fẹ́ǹsì kan ṣoṣo pín ilé tèmi tirẹ̀. Agbẹjọ́rò mi gbà mí níyànjú pé kí n yọ àwọn ọ̀rọ̀ ara ẹni kúrò láàárín àwọn ìpín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò yọ wọ́n.

Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé n kò fi "wọ́n" pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀, nínú ilé àti lóde, kódà nígbà tí mo bá ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Láti òní lọ, "ó" ni. Kì í ṣe àṣìkọ.

Níwọ̀n bí àwọn alábòójútó mi kì í ti í ṣe ará òkun, ohun mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ là yé wọn kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ogun kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ìrìn wákàtí méjì sí èbúté wa. Wọ́n rì í nígbà ogun àgbáyé, ó sì rì tòun ti ọmọ ogun mẹ́rìnléláàádọ́fà tó wà nínú rẹ̀. Mítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà sílẹ̀. Sàréè ni, òfin sì ní kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Èkejì, ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kò lè mí afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Ọ́síjìn tó ń dá wa sí lókè, bí ó bá pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀, májèlé ni. Gìrì ni yóò gbé ènìyàn, ẹnu yóò jọ́wọ́ rọ́bà tí ó fi ń mí, omi yóò sì wọlé. Nítorí náà, òmùwẹ̀ máa ń gbé sílíńdà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí a ti gbọ́dọ̀ lò ó. Méjì péré ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan ni èyí tí a ń fi sẹ́nu nígbà tí a bá ń gòkè bọ̀ tí a dé mítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta: ogún nínú ọgọ́rùn-ún inú rẹ̀ ni ọ́síjìn. Ìkejì ni èyí tí a kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu títí a ó fi gòkè dé mítà mọ́kànlélógún: àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi ìkejì sẹ́nu níbi tó yẹ kó ti lo ti àkọ́kọ́, ó ti kú, ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni téèpù. Ojú kò mọ gáàsì yàtọ̀, imú kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ló mọ̀ ọ́n, téèpù ló sì ń sọ ọ́. Mo fi ọ̀dà dúdú kọ òfin kan ṣoṣo sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi: ẹni tí yóò fà á sínú ni kó wọ̀n ọ́n. Èmi a po gáàsì, n ó kọ ọ́ sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n n kì í lẹ téèpù. Òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wọn gáàsì rẹ̀, yóò kọ iye mítà àti iye ọ́síjìn sára téèpù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn sílíńdà náà kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Ọ̀kan parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ìwẹ̀ dé, wọn a bó téèpù náà kúrò, wọn a lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń lẹ fọ́tò ọmọ. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Wọn kì í ronú kí wọ́n tó ṣe é.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí mo ń gbé, tí mo kọ́ sórí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fi fún ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Ọkọ mi lè máa gbé yàrá ìsàlẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, bí ó bá mú ohun tó wà ní ìpín keje ṣẹ. Bí kò bá mú un ṣẹ, kó kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kó má gbàgbé fìlà.

ÌPÍN KEJÌ. Ṣọ́ọ̀bù gáàsì, pẹ̀lú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ méjì, páìpù, géèjì àti àga onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fi wọ́n fún ọmọ mi náà. Ọdún méjìlá ni mo fi ń da òróró sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọ̀nyí lọ́jọ́ kìíní oṣù, bí ẹni ń bọ́ òkú. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Níbẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́ iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, tó ka ohun tó wà lára ògiri, tó wò mí, tó ní, "Sìsí mi, ẹ̀yin ará ibí ò gbẹ́kẹ̀ lé ara yín rárá." Mo ní ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń padà wálé. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rú òfin náà rí, àfi lẹ́ẹ̀kan.

ÌPÍN KẸTA. Ìwé ìpogáàsì mi, ìdìpọ̀ mọ́kànlá, mo fi fún olùkọ́ ìṣirò, nítorí pé òun nìkan ni yóò gbádùn rẹ̀. Kó ṣí ìdìpọ̀ kẹwàá, ojú ewé kọkàndínláàádọ́rin. Yóò rí i pé mo po sílíńdà méjì fún àbúrò mi lọ́jọ́ kan: èyí tí kò ní àmì lọ́rùn, ogún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí mo kun ọ̀dà pupa sí lọ́rùn lọ́sẹ̀ náà gan-an, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Pupa túmọ̀ sí pé kí a má fi sẹ́nu ní jíjìn.

Ọjọ́ kejì ìwé yẹn ni àbúrò mi kú. Ó fi èyí tó ní ọ̀dà pupa sẹ́nu ní mítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ gbé kalẹ̀ jókòó fún ọ̀sán kan ṣoṣo, lábẹ́ fáànù. Ọkọ mi, tí òun àti àbúrò mi jọ lọ ìsàlẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Ìsàlẹ̀, dúró níwájú wọn. Ó ní máàkà gbẹ lọ́jọ́ náà, wọn kò lè kọ téèpù, wọn kò sì wọn nǹkankan nítorí òkun ti fẹ́ yí padà. Ó ní ohun tí mo sọ fún òun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tẹ̀ lé. Ó ní mo sọ pé èyí tó ní ọ̀dà pupa ni ti mítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó sunkún. Ó ní kí wọ́n ṣàánú mi, pé ibà ń ṣe mí lọ́sẹ̀ náà.

Òótọ́ ni pé ibà ń ṣe mí. N kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rántí pé n kò sọ ọ́. Alága wò mí, ó ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe," ó sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Mo gba ọkọ mi gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, ju irọ́ náà lọ. Ọdún méjìlá ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí n kò sọ nínú orí ara mi, tí mo ń tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́ sínú ìrẹsì.

Ìyá wa gbọ́ pé ẹnu mi ló pa ọmọ òun. Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Kò bá mi jà. Ó kàn ń fi ọ̀pá rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń dá omi ara rẹ̀ bù, kó má baà gba ife lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi a jókòó sáàárín wa, a máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, a ní, "Màmá, ẹ foríjì í. Ọmọ yín náà ni." Ìyá mi a ní òun gbọ́. Ó kú láìgba omi lọ́wọ́ mi.

Ẹ sinmi níbí kí ẹ tó máa kà lọ. Èmi náà sinmi níbí.

ÌPÍN KẸRIN. Awò ojú mi, èyí tó ní férémù wúrà, pẹ̀lú àpótí rẹ̀, mo fi fún awakọ̀ tó gbé wọn lọ sójú òkun lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kọjú sí ẹ́ńjìnnì, òun kò rí nǹkankan. Ẹni tí kò bá ríran dáadáa, a máa ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Oṣù tó kọjá, nígbà tí mo gbé ohun tí mo rí, tí ìpín keje yóò sọ, síwájú rẹ̀, ó ríran. Ó sọ pé ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló wọn sílíńdà méjèèjì tó kan ọ̀rọ̀ wa, tirẹ̀ àti ti àbúrò mi. Ó ní ó gé téèpù mẹ́rin, ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí itan rẹ̀, ó wá ń lẹ̀ wọ́n kiri bí ẹni ń lẹ sítáǹbù. Àbúrò mi, tí aṣọ rọ́bà ti dé ìgbáròkó rẹ̀, na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ọkọ mi ní, "Wọ aṣọ ẹ jàre, àna mi. Mo ti bá ẹ wọ̀n ọ́n. Àbí o rò pé mo fẹ́ pa ẹ́ ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ní òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún ṣáájú rẹ̀, nítorí náà mo dúró kó sun ún tán, mo sì ní kó fọwọ́ sí ohun tó sọ. Ìwé náà wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Agogo idẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ mi kì í ṣe tèmi, n kò sì lè fi ohun tí kì í ṣe tèmi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ ibi tó wà ni. Agogo ọkọ̀ ogun náà ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbọ́ pé lọ́wọ́ apẹja kan ló ti rà á. Kò sí apẹja kankan, èmi nìkan ló sì sọ òótọ́ rẹ̀ fún. Ó tú u lára ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí àbúrò mi kú. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú sípánà, tí àbúrò mi ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i pé ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí náà ni àbúrò mi fi ń kánjú nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀. Ó ka ohun tó wà lára téèpù, ó ṣe ohun tí téèpù sọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí gìrì fi gbé e.

Ọkọ mi ní òun dì í mú títí ọwọ́ òun fi já, pé sílíńdà rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù sí òun lọ́wọ́. Mo fẹ́ gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n okùn tó so agogo kò já. Agogo dé òkè lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi dé òkè lọ́jọ́ kẹta.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àgbà kan wá sí ilé wa, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ sínú àpò ike. Alásè ni bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ó ti gbọ́ pé òmùwẹ̀ kan ń gbé ní àdúgbò wa. Ó béèrè bóyá ohunkóhun kù ní ìsàlẹ̀ tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Ọkọ mi ti fi fìlà rẹ̀ bo agogo náà kí obìnrin náà tó jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹrẹ̀ lásán ló kù níbẹ̀." Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí ó tó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀ kúrò, ó sì lu agogo, nítorí ebi ń pa á. Bí ó ṣe ń pè mí sídìí oúnjẹ nìyẹn. Èmi náà jẹ́ ìpè, èmi náà dákẹ́. Mo wà níbẹ̀, n kò sì yọ fìlà yẹn. Ẹ kọ ìyẹn sọ́rùn mi.

Kí àwọn alábòójútó mi kọ́kọ́ gbé agogo náà lọ sí ilé ìyá àgbà yìí, kí ó fi ọwọ́ kàn án bí ó bá ti wù ú tó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fà á lé iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́, kí wọ́n sì sọ ilé tí wọ́n ti gbé e wá. Àdírẹ́ẹ̀sì ìyá àgbà náà wà lẹ́yìn fọ́tò tó fi sílẹ̀.

Ajá àbúrò mi, tí kò léyín mọ́, tí kì í sì í jẹ ohun tí ọkọ mi bá gbé fún un, mo fi sílẹ̀ fún ìyá àgbà náà pẹ̀lú, bí ó bá fẹ́ ẹ. Mo ti kọ̀wé béèrè. Ó ní òun fẹ́ ẹ.

ÌPÍN KẸFÀ. Gbèsè tèmi. Ẹni tó bá ń wọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wọn ara rẹ̀.

Ọ̀dà pupa ni mo fi kun ọrùn sílíńdà yẹn, nítorí pé ó ṣẹ́kù nígbà tí mo kun géètì. Wọ́n kọ́ mi ní polítẹ́kíníìkì pé pupa ni àwọ̀ àkọ́kọ́ tí omi ń gbé mì. Ní mítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, pupa ti di dúdú. Mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé. Bí mo bá kun ún ní funfun, bóyá àbúrò mi ìbá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì: ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀, mo rí ọkọ mi tó ń kọ téèpù fún ẹlòmíràn. Ó yẹ kí n gba sílíńdà náà padà. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú máàkà lẹ́nu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," mo sì kọjá lọ. Gbèsè mi nìyẹn. Kò sí ohun tí mo ní tí mo lè fi san án, àfi ìwé yìí.

ÌPÍN KEJE. Fún ọkọ mi, mo fi téèpù odidi kan àti máàkà tuntun kan sílẹ̀. Mo ti dán an wò. Kò gbẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ mi béèrè ìwé àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀. Èmi ni mo lọ mú un lórí pẹpẹ. Ìwé náà ní nọ́ńbà fún ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìwẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kọkànlálérúgba, mo rí ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlálérúgba. Kò sí èyí tó wà láàárín. Ewé ibẹ̀ nípọn. Ó ti fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ aṣọ rọ́bà lẹ ewé méjì pọ̀. Mo gbé omi kaná, mo fi ooru rẹ̀ ya wọ́n, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní polítẹ́kíníìkì.

Téèpù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, pẹ̀lú eéje rẹ̀ tó máa ń fi igi dábùú. Méjì ní lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbúrò mi. Ọ̀kan ní mítà 21, ọ́síjìn 50. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní mítà 57, ọ́síjìn 20. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ru ọ̀dà pupa, ọ̀dà géètì mi, tí kò tíì gbẹ tán lọ́jọ́ náà. Ó wọ̀n wọ́n, ó wọ̀n wọ́n dáadáa, ó kọ wọ́n dáadáa, ó sì lẹ méjèèjì sódì. Máàkà kò gbẹ. N kò sọ nǹkankan lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará òkun yóò béèrè ìdí tí kò fi jù wọ́n sómi. Nítorí pé ó bó wọn nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ ṣì tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún: ó lẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Orí rẹ̀ wá lé ọwọ́ rẹ̀ bá lẹ́yìn náà. Kò tún lè ya ewé náà dànù. Òmùwẹ̀ kì í ya ìwé rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí kò tilẹ̀ tó ogún.

Mo ṣí ìwé náà sórí tábìlì ìjẹun, ní ojú ewé yẹn, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà tí omi fi lè hó. Ó pa á dé. Ó gbé ife lé e, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mílíìkì ṣì kù. Mo tún un ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹun sí àgbàlá. Títí di òní, àgbàlá ló ti ń jẹun.

Nítorí náà: kó gé téèpù, kó kọ ohun tó wà nínú sílíńdà náà, ẹni tó wọ̀n ọ́n àti ẹni tó lẹ̀ ẹ́, kó fọwọ́ sí i níwájú àwọn alábòójútó mi. Kó kọ mẹ́ta. Kó mú ọ̀kan lọ fún ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀. Kó lẹ ọ̀kan mọ́ òkúta sàréè àbúrò mi. Kó lẹ ìkẹta mọ́ òkúta ìyá mi, kó sì kúnlẹ̀ kó kà á sókè, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kó tó kú. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ yóò mọ bí a ṣe ń kà á fún un.

ÌPÍN KẸJỌ. Fún ọmọ mi, yàtọ̀ sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n mi sílẹ̀, èyí tó wà nínú àpótí igi, pẹ̀lú bátìrì tuntun.

Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu, ní ìdí síńkì, nígbà tí o ń fọ abọ́. O kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn kìíní. O ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ. Gbogbo wa ti foríjì yín tipẹ́." O fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbá mi mọ́ra. N kò bínú sí ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí wàá máa foríjì mí fún. Ṣùgbọ́n mo ti ojú fèrèsé gbọ́ ohun tí bàbá rẹ sọ fún ọ ní àgbàlá lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa ìwẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì ń múra sí: "Má da ara ẹ láàmú, bàbá ẹ á bá ẹ wọ̀n ọ́n."

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. N kò ní kí o má lọ. Ìwọ̀n rẹ dára, o ní sùúrù, o sì ní ojú àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún na ọwọ́ sí téèpù rẹ, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ, ìbáà jẹ́ ọkọ rẹ, ìbáà jẹ́ èmi gan-an tí mo jí dìde, gba sílíńdà náà padà. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín tán. Ẹ̀rín kì í gbé ènìyàn gòkè.

ÌPÍN KẸSÀN-ÁN, tó jẹ́ ìkẹyìn. Ìwé ìhágún kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi dákẹ́. Èyí kò lè dúró. Ọjọ́ kọkànlá òní ni ọkọ̀ yóò gbé ọmọ mi àti bàbá rẹ̀ lọ sójú òkun, dókítà kò sì lè ṣèlérí fún mi pé n ó kú ṣáájú ìgbà náà. Nítorí náà mo pàṣẹ pé kí agbẹjọ́rò mi ka ìwé yìí sókè, láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn, ní pálọ̀ mi, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, lójú èmi tí mo kọ ọ́. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ti to àga márùn-ún. Ti ọkọ mi ni èyí tó kọjú sí agogo. Mo ti yọ fìlà ọkọ mi kúrò lórí agogo náà. Ẹni tó bá ní ohun tí yóò jiyàn, mo wà láàyè, kó bá mi jiyàn.

Mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ sí i, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kà á.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: òtítọ́, láìsí àbùlà.
Ibi tí a ti lè lò ó: ibikíbi, títí dé ìsàlẹ̀.
Ẹni tó wọ̀n ọ́n: èmi tí mo fà á sínú.

Ọwọ́ ìbuwọ́lù: Ìyá Afẹ́fẹ́, tó gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ní ọdún kejìlá tí àbúrò mi ti lọ.

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi:
Dókítà ọkàn, tó ní kí a kọ ọ́ pé orí òun náà pé.
Olóògùn ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, tó yá wa ní tábìlì.